Gbé Gìtá Yẹn Kúrò Nídìí Sítóòfù

Àbẹ̀kẹ́, kó o tó kúnlẹ̀ kí mi, gbé gìtá yẹn kúrò nídìí sítóòfù. Ṣé o fẹ́ pa á ni? Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ni, kì í ṣe odó iyán. Bí ooru bá ń kọ lù ú báyìí, gọ́ọ̀mù á tú, ọrùn rẹ̀ á wọ́, wàá sì wá máa wá ẹni tó máa bá ọ tún un ṣe káàkiri. Ọdún méjìdínlógójì ni ọkọ mi fi tọ́jú ẹ̀. Nígbà ọyẹ́, á fi aṣọ wé e bí ọmọ ìkókó, nítorí ó ní ọyẹ́ a máa la igi. Ìwọ tí mo fà á lé lọ́wọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ iná àmàlà lo rí gbé e sí.

Ó dáa, mo ti gbọ́. Dìde, jókòó. Wo ọrùn rẹ bí ti lékeléke. Ta ló sọ fún ẹ̀yin akọrin sóòlù pé ebi ló ń mú ohùn dùn?

Kí àmàlà tó jinná, mo ní ọ̀rọ̀ í bá ọ sọ, má sì wo fóònù yẹn mọ́. Láti ìgbà tó o ti wọlé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lo ti wò ó. Èèyàn mélòó ló ti gbọ́ orin tuntun náà? Igba ó lé mẹ́tàdínlógún. O wá fajú ro bí ẹni tí wọ́n jí àpò rẹ̀ gbé lọ́jà. Ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tí igba èèyàn jẹ́? Nígbà tí a sìnkú ìyá wa, kánópì mẹ́rin la gbà kí igba àga tó rí abẹ́ rẹ̀ wọ̀. Bí o bá dúró síwájú kánópì mẹ́rin, tí gbogbo wọn dákẹ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ á máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú fóònù ni wọ́n wà, o ní kò sí ẹnì kankan.

Ìyá rẹ pè mí láàárọ̀ àná. Ó ní ọkùnrin kan l'Ékòó fún ọ ní ìwé àdéhùn, o sì fẹ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní ṣé o ti kà á? Ó ní ewé mẹ́tàlélógún ni, o ka ewé àkọ́kọ́ àti ibi tí wọ́n kọ owó sí. Mo ní kí ló ń lé ọ? Ó ní o ní ó ti rẹ̀ ọ́. Ó rẹ̀ ọ́! Ọdún méjì! Ọdún méjì ni mo lò nídìí ìkòkò aró kí ìyá mi tó jẹ́ kí n fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà àdìrẹ sára aṣọ oníbàárà. Má pè mí ní "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́". N kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Gíláàsì tó o fi sójú yìí ńkọ́? Ojú kò dùn ọ́. Èmi ni mo mú ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́dún tó kọjá, ó ní o ń ríran bí àṣá. Ẹ̀rín kọ́, mo mọ ẹni tó o ń fi gíláàsì náà jọ. Kò burú. Bí èèyàn bá máa fara wé ẹnìkan, kó fara wé ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gíláàsì Aṣa lo rí, ojú rẹ kò tó iye ọdún tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Paris ni wọ́n bí Bùkọ́lá Elémidé, tí gbogbo wa ń pè ní Aṣa, sí ní 1982. Ọmọ ọdún méjì ni nígbà tí wọ́n gbé e wá sí Èkó. Iṣẹ́ sinimá ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, ó sì kó àwo orin jọ sílé: Marvin Gaye, Aretha Franklin, Bob Marley, Fẹlá, Sunny Adé, Ebenezer Obey. Àwọn wọ̀nyẹn ni etí rẹ̀ fi ṣe oúnjẹ. Nígbà tó wá ń dàgbà tó fẹ́ kọrin, àwọn ẹgbẹ́ akọrin kò gbà á. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì há díẹ̀, kò jọ ohùn tí wọ́n ń wá lẹ́nu ọmọbìnrin. Ohùn kan náà yẹn ni àwa gbogbo ń dá mọ̀ lónìí kó tó kọ ìlà kan tán. Kí ló wá ṣe nígbà tí wọ́n kọ̀ ọ́? Ó lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ orin Peter King ní Ìlogbò, lójú ọ̀nà Badagry, ó sì fi oṣù mẹ́fà kọ́ gìtá títa. Bàbá King yẹn, afunsasofóònù ni, ìlú Ọba ló ti kọ́ orin kó tó padà wá dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ó kú ní 2023.

Ìwọ, ta lo ti lọ jókòó síwájú rẹ̀ kó bú ọ? YouTube ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ rẹ. YouTube kì í gbá èèyàn lọ́wọ́ bó bá fi ìka síbi tí kò yẹ. Orin tó o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, okùn tó tín-ín-rín jù ti lọ sílẹ̀ kó o tó dé ìdajì, o ò gbọ́. Etí mi tó ti darúgbó gbọ́. Gbé gìtá náà wá kí n wò ó. Ṣé o rí i? Gbogbo okùn rẹ̀ ti dípẹtà. Òógùn ọwọ́ rẹ nìyẹn, o kì í nù ún lẹ́yìn tó o bá ta á tán. Gba àkísà àdìrẹ yìí, kó máa wà nínú àpò rẹ̀. Nu okùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sì nu abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ mi ṣe ń ṣe nìyẹn ní gbogbo alẹ́, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó.

Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n. Àwo Aṣa àkọ́kọ́ jáde ní 2007. Cobhams Asuquo, tí kò fojú ríran ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ń rí ohun tí ojú wa kò rí, ló bá a ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. "Jailer" wà níbẹ̀, "Bibanke" tó fi Yorùbá kọ wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2008, wọ́n fún un ní Prix Constantin ní ilẹ̀ Faransé. Ìwọ tó o bá gba irú ẹ̀bùn yẹn, o ò bá gbé orin mìíràn jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun, ó di 2010 kí "Beautiful Imperfection" tó dé. Èyí tó tẹ̀ lé e di 2014. Òmíràn di 2019. Ìkarùn-ún di 2022. Oníṣòwò ni mí, mo mọ bí a ṣe ń ka ọjọ́ ọjà: ọdún mẹ́ta, ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́ta. Àwo márùn-ún láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́rin ló ṣe kó tó pe Wizkid wá jókòó tì í nínú ìkarùn-ún, orin kékeré kan tí àwọn méjèèjì jọ kọ. Ìwọ, orin kejì rẹ kò tíì gbẹ tó o ti ń bẹ ọmọ olókìkí kan pé kó wá fi ẹnu sí i.

Orin mẹ́sàn-án lo gbé jáde láàárín oṣù mẹ́fà. Mo gbọ́ gbogbo wọn, má rò pé n kò gbọ́. Mẹ́rin nínú wọn kò ní ìparí. O kàn jẹ́ kí ohùn máa lọ sílẹ̀ bí rédíò tí bátìrì rẹ̀ ń kú. Èyí tó dáa jù ni ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ ní Ṣàgámù, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ lóòótọ́, mo sì rí ìyá tó ń fi fìlà ọmọ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ara nínú rẹ̀. Àwọn yòókù, ìfẹ́, ìfẹ́, ìfẹ́. Ta lo ń fẹ́ gan-an? A ò rí i.

O tún kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ pé akọrin olómìnira ni ọ́. Mo bi àwọn ọmọ mi ohun tó túmọ̀ sí, wọ́n ní ẹni tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má fi pe àdáṣe. Aṣa ní alámòójútó, ó ní Cobhams, ó sì bá ilé-iṣẹ́ Naïve ní Paris ṣiṣẹ́, tí kò sí lára àwọn àgbà mẹ́ta, Universal, Sony àti Warner. Nítorí náà, n kò sọ pé kó o má tọwọ́ bọ ìwé títí ayé. Mọ ohun tó ò ń tà ni mo ń sọ. Naïve yẹn náà, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ní 2016, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Believe ló rà á. Bí ilé-iṣẹ́ orin bá lọ báyìí, kì í ṣe àga àti tábìlì nìkan ló ń bá a lọ, gbogbo orin tó bá jẹ́ tirẹ̀ a máa bá a lọ. Olówó tuntun tí kò rí ọ rí lè wá di bàbá ọmọ rẹ.

Fa àga sún mọ́ mi. Na ọwọ́ kó o fi kan aṣọ yìí. Kí ni wọ́n ń pe ọnà tó wà lára rẹ̀? Ìbàdàndùn. O ṣeun, ó kù díẹ̀ kí n sọ pé o kì í ṣe ọmọ aláró. Wo òpó gbọ̀ngàn Mápó, wo ṣíbí láàárín wọn. Ọnà nìyí, aṣọ nìyí, ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì. Mo lè ta ọ̀pá márùn-ún fún ọ báyìí, kí ọnà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, lọ́la n ó tún fi ẹ̀kọ láfún yà á sára òmíràn. Bí orin ṣe rí gan-an nìyẹn. Lọ́yà kan tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ló là mí lóye. Ọ̀rọ̀ àti ohùn orin tó o jókòó kọ, ọnà nìyẹn. Èyí tó o lọ gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, aṣọ nìyẹn. Ẹ̀tọ́ méjì ni wọ́n lábẹ́ òfin. Bí ẹlòmíràn bá tún orin rẹ kọ, owó ọnà kàn ọ́. Bí wọ́n bá fi èyí tí ìwọ fúnra rẹ gbà sílẹ̀ sínú fíìmù, owó ọnà kàn ọ́, owó aṣọ tún kàn ọ́, àfi bó o bá ti tà á. Ọkùnrin Èkó yìí, èwo ló fẹ́ rà? O ò mọ̀. Èmi náà tí n kò rí ìwé náà lè sọ fún ọ pé ibi tí lẹ́tà bá ti kéré jù ni wọ́n kọ ọ́ sí.

O sì mọ ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n ń kó wọ ọjà àdìrẹ wa ní Ìtòkú láti China. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́, ọnà àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó kọ́kọ́ ya Ìbàdàndùn, orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Kò síbì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Lọ sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mú àwo tó wà lókè wá. Rọra o, má fi ìka kan ojú rẹ̀. Yí páálí rẹ̀ padà kó o kà á. Orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wà. Orúkọ ẹni tó ya fọ́tò pàápàá wà. Wá orúkọ ọkọ mi. Máa wá a lọ. Òun ló ta gìtá tó bẹ̀rẹ̀ ojú kìíní, tín-tín-tín tí gbogbo èèyàn fi ń dìde jó kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Gìtá tó fi ta á náà kì í ṣe tirẹ̀, ti ọ̀gá ni. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni wọ́n fún un, àti búrẹ́dì. Ìgbà tó kúrò nínú ẹgbẹ́ ló kó àjọ ó sì ra èyí tó o gbé sídìí iná lẹ́ẹ̀kan. Títí tó fi kú, rédíò a máa fi orin náà sí láàárọ̀ Sátidé. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á dá ṣíbí dúró, á ní "ìka mi nìyẹn", á sì máa bá oúnjẹ rẹ̀ lọ. Kò bínú rí. Èmi ni mo ń bá a bínú. Mo ṣì ń bínú.

Ṣùgbọ́n gbọ́, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn ọ́. Ọmọkùnrin tó ń ta béèsì fún ọ wá ra aṣọ fún ìyá rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo bi í léèrè ìpín tirẹ̀ nínú orin Ṣàgámù. Ó kàn rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé orúkọ rẹ wà níbẹ̀? Ó ní, "Mummy, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀." Àbẹ̀kẹ́! Ìwọ! Nínú ilé tí páálí yìí wà! Kí oṣù yìí tó parí, kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kọ ìpín kálukú sí i, kí ẹ jọ tọwọ́ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kó àwọn orin náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tí ìjọba bá fún láṣẹ láti máa gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin, kí rédíò má bàa máa fi ìka tìrẹ náà ṣe àárọ̀ Sátidé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ti owó fóònù yẹn, má jẹ́ kí ó pa ọ́. Láti 2024, orin tí wọn kò bá gbọ́ tó ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín oṣù méjìlá, Spotify kì í san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Nítorí náà, òfo ni igba ó lé mẹ́tàdínlógún rẹ jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ èmi, kì í ṣe òfo. Bí ogójì péré nínú wọn bá san ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà wọlé wá gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn kékeré kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba nìyẹn. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún, kí o sì kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ẹni tó bá wá sínú ìwé, bí mo ṣe ń kọ ti àwọn oníbàárà mi. Ìyá kan wà tó ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí bàbá rẹ ṣì ń lọ sí sẹ́kọ́ńdírì.

Gbowó kó o tó kọrin pẹ̀lú. Òtẹ́ẹ̀lì tó pè ọ́ lọ́dún Kérésì, tí wọ́n ní ìrẹsì àti adìyẹ ni àwọn fi san án, n kò ní dárúkọ wọn. Ẹjọ́ wọn kọ́, ẹjọ́ rẹ ni. Ṣé mo lè di aṣọ ẹbí ránṣẹ́ láìgba ìdajì owó? Tó o tún wá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí ìtàgé! Mo wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń fọ́ eegun adìyẹ lórí ohùn rẹ, ìwọ ń dijú.

Ìyẹn gan-an ló rán mi létí ọmọ Abẹ́òkúta wa, Olúfẹ́mi Sànyàolú, tí wọ́n ń pè ní Keziah Jones. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n rán an lọ kàwé nílùú Ọba. Ó pa ìwé tì, ó gbé gìtá sójú títì ní London, ó tún lọ ń ta á nínú ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Paris. Ibẹ̀ kò sí àga, kò sí gbohùngbohùn, gbogbo èèyàn ń sáré relé. Bó bá dijú, wọ́n ti kọjá. Bó ṣe ń fi ọwọ́ gbá okùn bí ẹni ń lu ìlù, èyí tó pè ní blufunk, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ tí kò ní yíjú. Àwo rẹ̀ "Blufunk Is a Fact!" jáde ní 1992. N kò ní kó o pa ìwé tì o, bàbá rẹ á wá ká mi mọ́ ṣọ́ọ̀bù. Lajú rẹ ni mo wí. Bí wọ́n bá ń fọ́ eegun, wò wọ́n títí eegun á fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ó yá, àmàlà ti jinná. Gbẹ́gìrì wà nínú ìkòkò kékeré. Bu ẹran méjì, má ṣe ojú ayé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe Èkó lò ń lọ. Ìtòkú lò ń bọ̀, aago mẹ́wàá. Lọ́yà yẹn ń bọ̀ wá gba ọ̀pá mẹ́wàá tó ní kí n pa láró fún un. Mú ìwé náà dání, gbogbo ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún, kí o sì gbé gìtá dání pẹ̀lú okùn tuntun lórí rẹ̀. Kò ní gbowó lọ́wọ́ rẹ. Mo ti bá a dúnàádúrà pé wàá kọ orin ọkọ̀ Ṣàgámù fún un, kó tó ka ewé àkọ́kọ́.